Ohùn Tó Sọnù Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Iṣẹ́ fídíò ni mo fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ọdún ìbílẹ̀, kò sí èyí tí n kò yà rí, àwọn tó bá sì bẹ̀ mí níṣẹ́ sábà máa ń tún mi pè. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò tíì sọ ọ́ síta rí, àfi fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 2025, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbé kámẹ́rà síwájú ìyá àgbà kan tí wọ́n ń ki oríkì ìdílé wọn. Mo yà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì rí ohùn wọn gbà. Lẹ́yìn náà ni mo purọ́. Irọ́ yẹn ló sọ àṣìṣe tí à bá tún ṣe di àdánù.

Ẹ ó rántí àjọ̀dún Ojúde Ọba tí wọ́n ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 2024. Àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti agbádá àti awò dúdú lójú, tàn káyé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé kámẹ́rà ti ń sáré kiri nítorí lẹ́ńsì. Èmi náà kò gbẹ́yìn. Mo ra lẹ́ńsì gígùn kan ní tòkunbọ̀, 70-200 tí ojú rẹ̀ ń ṣí dé f/2.8, èyí tí ń fa ẹṣin tó wà lókèèrè súnmọ́ni, tí ń sọ gbogbo èrò ẹ̀yìn di kùrukùru, tí ojú ẹni tó gun ẹṣin á wá yọ kedere. Owó rẹ̀ tó ra ọ̀kadà. Mo tún ra férémù irin tí wọ́n ń fi kámẹ́rà sí nínú, kí n lè rí ibi di gbogbo ẹrù náà mú. Ní gbogbo àsìkò yìí, hẹ́dífóònù mi ti kú létí kan, wáyà ekejì ti ń já. N kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá gbowó iṣẹ́ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni mo lọ bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ọmọ ìdílé Balógun ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ Ojúde Ọba á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé Balógun á sì gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú ìlù àti ìbọn. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba wọn báyìí, nítorí pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ẹ̀gbọ́n kò lè wá lọ́dún náà. Àwọn ọmọ wọn, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí wọn sí, wọn kò gbọ́ Yorùbá tó bó ṣe yẹ, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọmọ náà ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù yé mi dáadáa. Wọ́n ní, “Àbúrò, ẹṣin pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí o kò bá ya ẹṣin, ẹlòmíràn á yà á. Kí àwọn ọmọ tó gun ẹṣin kúrò nílé, Mámà á bọ́ síta, wọ́n á kì wọ́n. Ohùn Mámà ni kí o gbà fún mi. Ìyẹn ni mo tìtorí ẹ̀ bẹ̀ ọ́.” Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, n kò kánjú, n kò sì pẹ́ dé. Mámà, ìyá Ẹ̀gbọ́n, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n wọ aṣọ aró, wọ́n fi iyùn sọ́rùn, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ojú títì níbi tí àwọn ẹṣin ti ń fẹsẹ̀ halẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, mo fi máìkì kékeré tí kò ní wáyà há etí bùbá wọn, ó jìnnà sí àgbọ̀n wọn ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan. Mo ti iyùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà máa gbá máìkì. Mo ní kí wọ́n má fi ìborùn bò ó, nítorí aṣọ tó bá ń ha máìkì, ariwo rẹ̀ kì í ṣeé yọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé n kò mọ iṣẹ́. Mo fi gíláàsì dúdú bo lẹ́ńsì nítorí oòrùn, kí àwòrán má baà funfun jù, mo ṣètò kámẹ́rà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ohun tí ojú lè yẹ̀ wò ni mo yẹ̀ wò.

Ó wá ku pé kí n ki wáyà ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti ara máìkì bọ inú kámẹ́rà. Férémù irin tuntun yẹn bo ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ihò tí wọ́n dá sí i fún wáyà kò fẹ̀ tó, orí wáyà mi sì nípọn. Mo tì í, ó wọlé, ó dúró. Kò wọlé tán. Ó kù díẹ̀ báyìí, kò ju ìbú ẹnu àbẹ́rẹ́ aránṣọ lọ. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ yìí lè má mọ ohun tí díẹ̀ yẹn ń ṣe. Kámẹ́rà ní máìkì tirẹ̀ nínú. Bí wáyà bá wọlé dé ìsàlẹ̀, ó máa ń pa máìkì inú yẹn, ohùn á wá máa gba ojú wáyà wọlé. Bí kò bá dé ìsàlẹ̀, máìkì inú á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì ní fi àmì kankan hàn ọ́ pé òun ló ń ṣiṣẹ́.

Mo wo ojú kámẹ́rà. Ilà kékeré aláwọ̀ ewé tí ń fi bí ohùn ṣe ń wọlé hàn ń fò sókè sódò. Bí Mámà bá sọ̀rọ̀, á fò. Mo ní ó ti dáa. Ilà náà kò purọ́ o. Ohùn ń wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ohùn tí ń wọlé àti ibi tó ń gbà wọlé, etí nìkan ló lè sọ ìyẹn fún mi, èmi kò sì ní nǹkan tí mo lè fi sétí.

Mámà dìde. N kò ní lè kọ ohun tí wọ́n sọ síbí, nítorí n kò ní in, ṣùgbọ́n mo lè sọ bó ṣe rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n ń pe àwọn tó wà lórí ẹṣin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti orí wọn bọ́ sórí bàbá wọn, wọ́n bọ́ sórí àwọn jagunjagun ìdílé, wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí wọ́n gorí oyè ní 1960. Mámà kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ọba kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti ń kì látìgbà tí wọ́n ti mọ oríkì kì. Onígángan ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ìbọn ṣakabùlà ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí ẹṣin bọ́ fìlà, ó ń sunkún. Mo rí omijé náà. Lẹ́ńsì mi fà á súnmọ́ tòsí, ó mọ́ kedere, inú mi sì dùn gan-an pé mo rí i yà.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ohun tí mo gbà.

Kámẹ́rà mi jìnnà sí Mámà tó mítà mẹ́rin, onígángan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ mi gan-an. Ní ìta gbangba, bí ìjìnnà bá ti di ìlọ́po méjì, ohùn á fi décíbẹ̀lì 6 rẹlẹ̀. Ìjìnnà kámẹ́rà sí ẹnu wọn tó nǹkan bí ìlọ́po ogún ìjìnnà máìkì tó wà láyà wọn, èyí ni pé ohùn tó dé inú kámẹ́rà fi nǹkan bí décíbẹ̀lì 26 rẹlẹ̀ sí èyí tó yẹ kí n gbà. Ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé mo fi ohùn kámẹ́rà sí ọ́tò, tí ó fi ń fúnra rẹ̀ pinnu ìgbà tí yóò fa ohùn sókè àti ìgbà tí yóò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún, kámẹ́rà á tẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ lójijì, ohùn Mámà á rì bí ẹni tí wọ́n ti orí rẹ̀ bọ omi, á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀. Kó tó yọ tán, ìbọn mìíràn á dún. Ìbọn kì í sì í ṣe ohun tó wọ́n ní Ojúde Ọba. Mo rí ẹnu wọn tí ń ṣí tí ń pa, mo rí wọn tí wọ́n ń juwọ́ sí àwọn ẹlẹ́ṣin, mo gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ níhìn-ín, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ lọ́hùn-ún. Kò sí gbólóhùn kan tó délé.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo lo gbogbo ohun tí wọ́n fi ń fọ ohùn, títí kan àwọn ti AI tí wọ́n ní ó lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ariwo. Nǹkan wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán. Oríkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Níbi tí Mámà bá ti fa ohùn gùn, ẹ̀rọ náà á rò pé ariwo ni, á gé e. Níbi tí gángan bá ti ń sọ̀rọ̀, á rò pé èèyàn ni, á fi í sílẹ̀. Ohun tó dá padà fún mi, ohùn kan tí kì í ṣe ti èèyàn ni, tí gbogbo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dọ́gba. N kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí ì bá dáa ni kí n pe Ẹ̀gbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní mẹ́mọ́rì tí ohùn wà nínú rẹ̀ ló ní ìṣòro díẹ̀, pé mo ti gbé e fún àwọn tó ń gba nǹkan padà láti inú mẹ́mọ́rì. Mo wá kó àwọn fídíò ẹṣin tó rẹwà ránṣẹ́ sí wọn, mo fi orin sí i lábẹ́. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, a ó máa retí ti Mámà.” Bí wọ́n bá tún béèrè, mo á ní wọn kò tíì dá mi lóhùn. Mò ń retí pé n ó rí ọgbọ́n kan dá. Ojú ń tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ: èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní iṣẹ́ yìí.

Ní ọjọ́ 13, oṣù keje, Awùjalẹ̀ wàjà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kéde pé Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, tí ó ti jẹ Ààrẹ Nàìjíríà rí, kú sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ìròyìn méjèèjì lu ara wọn. N kò gbọ́ ti ìkejì dáadáa. Ohùn Mámà níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ Ọba ni mo rántí, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo fi pamọ́ ti kọjá ohun tí mo lè máa fi pamọ́ mọ́.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n, mo sọ òtítọ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní, “Ìwọ ò bá ti sọ fún mi.” Mo dá owó tí wọ́n kọ́kọ́ san padà, mo sì ní n kò ní gba èyí tó kù. Kí n lè rí owó náà dá padà, mo ta lẹ́ńsì yẹn, n kò sì rí iye tí mo fi rà á gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ bá Mámà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Mámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ohùn yín tí mo wá gbà lọ́jọ́ Ojúde Ọba, n kò rí i gbà.”

Wọ́n ní, “Ta ló jí i lọ?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó jí i, Mà. Èmi ni n kò ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ.”

Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó. Wọ́n wò mí. “Ìgbà wo lo mọ̀?”

Mo ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni.

Wọ́n ní, “Kí ló wá dé tí o kò padà wá lọ́jọ́ kejì? Mo wà níbí. Ǹ bá tún un kì fún ọ, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ọba wà láyé nígbà yẹn. Bí mo ṣe kì wọ́n lọ́jọ́ náà, bí a ṣe ń ki ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ni. Wọ́n ti wàjà. N kò lè kì wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń ki ẹni tó ti lọ.”

Wọ́n ki ti ìdílé fún mi nínú pálọ̀ wọn. Mo ti ra hẹ́dífóònù kó tó di ọjọ́ náà, mo dé e, mo gbọ́ mímí wọn láàárín ọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbà mọ́ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n sì tẹ́wọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí gángan níbẹ̀, kò sí ẹṣin, kò sí ìbọn, kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sunkún lórí ẹṣin. Nígbà tí ó kan ibi tí Ọba ti ń wọlé, Mámà fò ó.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi á ka èyí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe báyìí. Kí n tó fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì láyà, mo á dé hẹ́dífóònù, mo á fi èékánná ha orí máìkì náà jẹ́jẹ́. Bí mo bá gbọ́ híha náà gànràngànràn létí, máìkì yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá gbọ́ ọ lókèèrè, máìkì inú kámẹ́rà ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. N kò tún fi ohùn sí ọ́tò mọ́ níbi tí ìbọn bá wà. Mo á gbé ìwọ̀n rẹ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ tó le jù kò ti ní kọjá décíbẹ̀lì 12 nísàlẹ̀ òdo, nítorí ohùn tó bá ti gba òdo kọjá ti fọ́ nìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n lè fi tún un tò. Àwọn ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tuntun wà tí ń lo 32-bit float, irú Zoom F6 tó jáde ní 2019, tí ariwo òjijì kì í fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Ó dáa púpọ̀ bí owó bá wà. Àmọ́ kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wáyà tí kò wọlé tán.

Ohun kan wà tí ó ṣì ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú àwọn máìkì kékeré tí kò ní wáyà báyìí ni wọ́n ṣe kí ó lè máa gba ohùn sínú ara rẹ̀, kódà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀ àti kámẹ́rà. Ó wúlò gan-an láàárín èrò, nítorí ojú ọ̀nà 2.4 GHz tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà náà ni Wi-Fi àti Bluetooth fóònù gbogbo èèyàn ń gbà, ara èèyàn sì máa ń dí i. Èyí tí mo fi há Mámà láyà lọ́jọ́ náà ní in. Ká ní mo ti tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ì bá wà nínú rẹ̀ ní mímọ́. N kò tẹ̀ ẹ́ rí látọjọ́ tí mo ti rà á, nítorí n kò ka ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ kọjá ojú ìwé àkọ́kọ́.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ ẹ kò bá ju èyí tó lè ra ohun kan lọ, má tíì ra lẹ́ńsì. Fi kámẹ́rà tàbí fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ ya ohun tó o fẹ́ yà, kí o ra ohun tí wàá fi máa gbọ́ ohun tí ò ń gbà.

Lọ́jọ́ tí mo lọ bá Mámà, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan fi ohun tí ó gbà hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Ó ti fi í sí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀gbẹ́ Mámà gan-an ló dúró sí, ohùn náà sì ṣe kedere ju ti kámẹ́rà mi lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó kúrú, ó parí kí wọ́n tó dé orí Ọba. Fóònù pọ̀ ní ojú títì lọ́jọ́ náà. Mo rí wọn nínú fídíò mi, ọwọ́ lókè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sún mọ́ Mámà jù mí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 2025, tí ẹ dúró níwájú ilé ìdílé Balógun kan tí ìyá àgbà kan ti ń ki àwọn ẹlẹ́ṣin kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo inú fóònù yín. Ẹ má pa á rẹ́. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ gbé e lọ fún wọn nínú ilé náà. Ẹ kò ní láti wá mi rí.